Ìyá Ràfíù, Ẹni Tó Ń Wo Àtàǹpàkò

Ẹnu Màmá Jọláadé ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo dárúkọ wọn kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé èmi ni mo jókòó hun ún. Ọjọ́ tí a ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ fún ìyá tó bí bàbá mi ni. Àwọn ààfáà ti jẹun tán, wọ́n ń wá bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí Màmá Jọláadé, ìyá arúgbó kan láti àdúgbò Ìsàlẹ̀ Odò, wá jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn ò kí mi. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni wọ́n gbà, wọ́n ṣí i, wọ́n yí àtàǹpàkò rẹ̀ sójú oòrùn, wọ́n wò ó bí ẹni ń yẹ ẹyin wò.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ àgbà bá wà láyé, ibẹ̀ náà ni wọn ì bá kọ́kọ́ wò. Gbọ́, Àkànní. Ohun kan wà tí wọn kò jẹ́ sọ fún ọ."

Inú mi kò dùn sí i. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìgbà tí a bo ilẹ̀ mọ́ Ìyá Àgbà tán ni ẹnu obìnrin yìí tó là? Ta ló rán wọn? Ọmọ-ọmọ Ìyá Ràfíù ni mí. Kí n tó mọ òǹkà ni mo ti mọ ìfura. Mo ní kí wọ́n máa wí.

N óò sọ ohun tí wọ́n wí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fi Ìyá Àgbà hàn yín, nítorí ẹni tí kò mọ ojú wọn kò lè mọ adùn ọ̀rọ̀ náà, tàbí ìkorò rẹ̀.

Wọ́n pupa, wọ́n ga, wọ́n sì máa ń di ojú kan tí wọ́n bá ń wo ènìyàn, bí ọdẹ tó fẹ́ ta ìbọn. Ìyá Ràfíù ni gbogbo ìlú kékeré wa yìí, tó wà láàrin Ìgbò-Ọrà àti Èrúwà, mọ̀ wọ́n sí. Ràfíù ni bàbá mi. Àlejò tó bá wọlé, kó tó kúnlẹ̀ tán, Ìyá Àgbà á ti gba ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á ti wo àtàǹpàkò. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn níbi gbogbo nìyẹn. Mo ṣe é fún tíṣà mi lọ́jọ́ kan, ó fún mi ní ìgbájú.

Wọn kì í gba ìròyìn lẹ́nu ẹnì kan. Bí o bá wá láti Tápà, tí o ní lágbájá ti kú, Ìyá Àgbà á ní, "Ọlọ́run ọba o!" wọ́n á fún ọ lómi, wọ́n á sì rán ẹlòmíràn lọ sí Tápà láti lọ béèrè. Bí àbúrò wọn ọkùnrin ṣe kú nìyẹn. Ẹni tó mú ìròyìn wá jẹ́ ọkùnrin kan tó ti sọ nígbà kan rí pé òun rí erin lójú ọ̀nà Igangan. Ìyá Àgbà ní àwọn kò lọ. Ẹni kejì dé, wọ́n tún ń yiiri ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ìgbà tí wọn óò fi dé ibẹ̀, wọ́n ti ń bu yèèpẹ̀ sí i. Àwọn ẹbí bínú, wọ́n ní irú ẹ̀gbọ́n wo lèyí. Ìyá Àgbà kò tọrọ àforíjì. Wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n ní, "Ẹni tó bá kú lóòótọ́ á dúró dè mí."

Bàbá mi ra rẹ́díò nígbà tí nǹkan ṣẹnuure fún un díẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, Ìyá Àgbà jókòó tì í láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bi í ní ìbéèrè kan nípa iye tí wọ́n ń ta iyọ̀ n'Íbàdàn. Rẹ́díò ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, bí oúnjẹ bá ti délẹ̀, Ìyá Àgbà á dìde, wọ́n á yí ojú rẹ́díò sí ògiri. Bàbá mi ní, "Ìyá mi, ṣé ó ṣẹ̀ yín ni?" Wọ́n ní, "Ràfíù, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí a kò lè bi léèrè, a kì í bá a jẹun."

Ewúrẹ́ nìkan ni wọ́n fọkàn tán. Ewúrẹ́ wọn pọ̀, wọ́n sanra, irun wọn ń dán bíi pé wọ́n fi òrí pa wọ́n. Láàárọ̀, Ìyá Àgbà á máa pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa bá wọn ṣeré. Mo bi wọ́n pé kí ló fà á tí wọ́n fi ń bá ewúrẹ́ rẹ́rìn-ín, tí wọn kì í bá ènìyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ewúrẹ́ ò purọ́ rí. Èèpo pákí ló ń wá, gbangba ló sì ń sọ pé èèpo pákí lòun ń wá."

Ẹ rántí gbólóhùn yẹn. Èmi kò rántí rẹ̀ títí ó fi pẹ́ jù.

Iṣẹ́ láfún ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n á bó pákí, wọ́n á rẹ ẹ́ títí yóò fi rọ̀, wọ́n á rún un, wọ́n á sì gbé e gun orí àpáta lọ sá. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìbàràpá mọ̀ pé a kò wá àpáta tì. Ti ìlú wa tẹ́jú bí ẹní, ó wà lápá òkè, lẹ́yìn ilé wa gan-an, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe àdúgbò wa ní Òkè Àpáta. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀ lórí rẹ̀, tó jogún lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń pààlà. Bí ẹ bá ń ti òkèèrè bọ̀ lọ́sàn-án ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ ó rí àpáta náà tó funfun yíká, bí ẹni pé àgùtàn jókòó kún un. A kì í sá láfún sí ààyè ẹlòmíràn. Ẹni tí o bá gbà kó sá tirẹ̀ sí ààyè rẹ, o ti sọ ọ́ di ẹbí nìyẹn. Ìyá Àgbà àti ìyàwó àbúrò ọkọ wọn bá ara wọn yodì fún odidi ọdún méjì nítorí òkúta wẹ́wẹ́ kan tó rìn ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Obìnrin yẹn ní ewúrẹ́ ló ta á nípàá. Ìyá Àgbà ní, "Ewúrẹ́ ta á nípàá, ó wá rántí tò ó lẹ́sẹẹsẹ?"

Odò kan ṣoṣo la ní. Òkè Àpáta ló ti ń sàn bọ̀, tí ó ń lọ sí Ìsàlẹ̀ Odò. Inú rẹ̀ ni àwọn obìnrin tiwa ti ń rẹ pákí láti ayébáyé. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, tí odò gbẹ di kòtò kòtò, òórùn pákí á máa bá omi lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń pọn ọ́n mu. Kí n má purọ́, òórùn náà kò ṣeé fara dà. Sòbìà sì ń yọ lẹ́sẹ̀ tọmọdé tàgbà nígbà náà. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ ní pákí wa ló fà á. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn óò tó là á yé wa pé omi tí a kò sẹ́ ni sòbìà ń bá wọlé, kì í ṣe pákí. Ṣùgbọ́n òórùn ni imú ń gbọ́. Imú kì í rí kòkòrò.

Ìgbà tí àwọn olóṣèlú ṣì wà lórí àga ni, kí sójà tó dé. Ọkùnrin kan láti Ìsàlẹ̀ Odò, Fátókun, wà nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, ó sì wà ní káńsù. Òun ló mú ọ̀rọ̀ odò lọ síbẹ̀. Kò pẹ́ tí agogo fi lù pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rẹ pákí mọ́, ì báà ṣe nínú odò, ì báà ṣe létí rẹ̀. Wolé-wolé dé pẹ̀lú kóńdó, ó fọ́ ìkòkò, ó da pákí tó ti rọ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ tó ń bọ́ ilé wa, tó ń bọ́ ilé tó yí wa ká, dópin láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ni Bùsàrí bá dé. Òun náà wà ní káńsù, ṣùgbọ́n inú ẹgbẹ́ tó fẹ́ gun àga ló wà, ará Òkè Àpáta sì ni. Ó kó àwọn ẹlẹ́láfún jọ sábẹ́ òrùlé rẹ̀, ó ní òun á gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ fún ìjọba. Ó mú akọ̀wé lẹ́tà ìlú wá, pẹ̀lú ẹ̀rọ táípù rẹ̀ àti páálí kékeré tí tìmùtìmù yíǹkì wà nínú rẹ̀, yíǹkì aláwọ̀ àlùkò. Akọ̀wé ka ìwé náà wéréwéré bí ẹni ìtọ̀ ń gbọ̀n.

Ìyá Àgbà ní, "Kà á padà sẹ́yìn."

"Ìyá wa, a kì í ka ìwé padà sẹ́yìn."

"Ẹni tó mọ ọ̀nà oko lọ, ó mọ̀ ọ́n bọ̀."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bùsàrí náà rẹ́rìn-ín, ó ní ká má fi àkókò ṣòfò. Ìyá Àgbà tẹ̀ka. Títí wọ́n fi kú, wọn kò dárí ji àtàǹpàkò yẹn. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á bá a wí bí ọmọ tó jalè: "Ìwọ lo gbà fún un. Èmi kọ́."

Oṣù ń gorí oṣù, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn obìnrin ń rẹ pákí ní ìkọ̀kọ̀ nínú igbó, wolé-wolé ń mú wọn. Bí wọ́n bá lọ bá Bùsàrí, á ní, "Ẹ dìbò fún wa ná, òfin á yí." Nígbà tí ìbò ń sún mọ́ ilé, ó ní ìwé àkọ́kọ́ ti gbó, kí wọ́n wá tẹ̀ka sí òmíràn. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni ọjà Tápà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bẹ́yìn yọ nìyẹn, Màmá Jọláadé ló sì sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí. Igbá irú kan ṣoṣo ló kù níwájú ẹni tó ń tà á. Òun na ọwọ́ sí i, Ìyá Àgbà náà na ọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi sílẹ̀. Láti ìgbà tí òfin ti jáde, Òkè àti Ìsàlẹ̀ kì í kí ara wọn mọ́.

Ìyá Àgbà ní, "Ìwọ tí o gbé òfin lé wa lórí, o tún fẹ́ gbé irú lé e?"

Màmá Jọláadé ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ ẹ̀gbin yín sí wa lẹ́nu, ẹ ṣì ń wá ohun tí ẹ máa fi sebẹ̀?"

"Sọ ọ́ sókè, kí ọjà gbọ́!"

"Wọ́n ti gbọ́! Imú wọn ti gbọ́ kí etí wọn tó gbọ́!"

Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà di ojú kan. Wọ́n ti rí ọwọ́ tó di etí igbá mú. Àtàǹpàkò rẹ̀ jẹ́ àlùkò yí èékánná ká. Wọ́n wo tiwọn. Àlùkò kan náà.

"Ta ló tẹ̀ ọ́ níka?"

"Kí ló kàn yín níbẹ̀?"

"Ìyá Jọláadé, mo ní ta ló tẹ̀ ọ́ níka?"

Fátókun ni. Ó ní káwọn ará Ìsàlẹ̀ wá tẹ̀ka kí òfin má baà yí, nítorí àwọn ará Òkè ń bọ̀ wá da pákí sí wọn lẹ́nu. Akọ̀wé wo? Akọ̀wé kan náà. Páálí wo? Páálí kan náà. Irú bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Màmá Jọláadé ní, "Ṣùgbọ́n akọ̀wé kan ṣoṣo ló wà nílùú, Ìyá Ràfíù. Ta ni wọn ì bá tún lọ bá?"

"Òótọ́ ni. Ṣé ó sọ fún ọ pé àwa ti wá?"

"Rárá."

"Kò sọ fún àwa náà pé ẹ̀yin ti wá. Ẹni tó rí iná lọ́tùn-ún, tó rí iná lósì, tó dákẹ́, igi ìdáná ló ń tà."

Wọ́n jókòó sábẹ́ igi ọ̀sàn kan títí ọjà fi tú. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ Bùsàrí wé ọ̀rọ̀ Fátókun, ó sì bá ara mu bí ìdérí àti ìkòkò. Olúkúlùkù wọn ń fi wá dẹ́rù ba ara wa. Tí ìjà odò bá parí, kí ni Fátókun máa fi gba ìbò Ìsàlẹ̀? Kí ni Bùsàrí máa fi gba tiwa? Màmá Jọláadé ní òun gan-an kò gbà á tán lọ́jọ́ náà. Òun rò pé Bùsàrí ló rán Ìyá Àgbà sí òun. Ìyá Àgbà sì rò pé Fátókun ló fi obìnrin náà sídìí irú. Àwọn méjèèjì ń fura síra wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jọ ru ẹrù wọn délé.

Ohun tí Ìyá Àgbà ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi ń rántí wọn. Àwọn obìnrin kan wà ní Ìsàlẹ̀ tó máa ń ṣe láfún tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní àpáta. Orí ẹní lẹ́bàá títì ni wọ́n ń sá a sí, eruku ń bà á, mọ́tò ń fẹ́ ẹ. Lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo ayé, Ìyá Àgbà gun orí àpáta, wọ́n ṣa òkúta wẹ́wẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún un tò sí agbede-méjì ààyè wọn. Wọ́n ní ìdajì ti di ti àwọn obìnrin Ìsàlẹ̀.

Òkè Àpáta gbóná. Ìyàwó àbúrò ọkọ wọn, ẹni òkúta ọjọ́ sí, ló kọ́kọ́ figbe ta: "Ẹ wá wò ó o! Ìyá Ràfíù ti tà wá! Èmi tí mo mú ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n bá yodì lọ́dún méjì!"

Ìyá Àgbà ní, "Ìwọ jí tìrẹ. Àwọn yìí, mo fún wọn. Tèmi ni mo pín, n kò pín ti ẹnikẹ́ni."

Àdéhùn tó wà nídìí rẹ̀ nìyí. Kò sí ẹni tó máa rẹ pákí sínú odò mọ́, ní òjò, ní ẹ̀ẹ̀rùn. Inú ìkòkò ńlá ńlá ni wọ́n á máa rẹ ẹ́ sí, lórí ilẹ̀ gbalasa kan lẹ́yìn ilé wa, tó jìnnà sí odò, wọ́n á sì máa da omi rẹ̀ sínú igbó. Obìnrin Òkè àti obìnrin Ìsàlẹ̀ á jọ máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n á jọ kọ sí káńsù.

Jọláadé, ọmọ Màmá Jọláadé, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ tíṣà, ló kọ ìwé náà, ẹ̀dà méjì. Ìyá Àgbà gbé e lọ sí Ìgbò-Ọrà, wọ́n wá akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò mọ ibi tí ìwé náà ti wá, wọ́n ní, "Kà á fún mi." Ohun tó kà bá ohun tí Jọláadé kà mu. Síbẹ̀, wọ́n tún wá ẹlòmíràn kà á. Wọn ò jẹ́ kí yíǹkì akọ̀wé débẹ̀. Wọ́n lọ bu aró nínú ìkòkò aláró, wọ́n rẹ òwú sí i. Bí wọ́n sì ṣe tẹ̀ka náà kò tíì ṣẹlẹ̀ rí. Obìnrin Òkè kan tẹ̀ ẹ́, obìnrin Ìsàlẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi dé ìsàlẹ̀ ìwé. Jọláadé ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, kó lè mọ́ lójú. Ìyá Àgbà ní, "Ohun tó bá mọ́ lójú ni wọ́n ń rí gé."

Wọ́n jọ lọ sí káńsù, aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n wọ̀. Fátókun rí àwọn obìnrin rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin Bùsàrí, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá wa, ta ló rán yín?"

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, Bùsàrí ti dìde. "Èmi ni mo ti ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́."

"Èmi náà ni mo bá Ìsàlẹ̀ gbé e!" Fátókun kò fẹ́ kí wọ́n fi òun sẹ́yìn.

Ìyá Àgbà ní, "Ó dára. Ẹ fi àtàǹpàkò yín hàn wá."

Wọ́n wo ara wọn. Àwọn obìnrin gbé tiwọn sókè lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ dúdú bí èso àwìn tó pọ́n.

"Èyí tí ẹ gbà lọ́wọ́ wa, àlùkò ni. Èyí, aró ni. Ẹni tí kò bá ní aró lọ́wọ́ kò bá wa wá."

Fátókun kì í ṣe òmùgọ̀. Ó rọ ohùn rẹ̀, ó ní ìwé náà dára, ṣùgbọ́n ìlànà ni pé kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀ wá. Ká kàn gé e sí méjì. Ìyá Àgbà na ìwé náà sí i. "Gé e." Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Tiwa kan, tiwọn kan. Kò sí ibi tí abẹ máa gbà.

Wọ́n ní àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lẹ́nu ìjọba. Òfin kò yí. Lẹ́yìn náà ni rògbòdìyàn òṣèlú dé, lẹ́yìn náà ni sójà dé, wọ́n sì tú káńsù ká. Ìwé tí wọ́n fún káńsù, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà méjì ni wọ́n kọ. Ìkejì wà nínú agbọ̀n láfún lókè àjà, níbi tí eku kò lè dé. Ìyá Àgbà àti Màmá Jọláadé gbé e lọ sí Èrúwà bá ọ̀gá tuntun tí ìjọba sójà fi síbẹ̀.

Ó bi wọ́n pé, "Ẹgbẹ́ òṣèlú wo lẹ ń ṣe?"

Ìyá Àgbà ní, "Ẹgbẹ́ àwọn tó ń mu omi."

Kí òjò tó dé, agogo tún lù. Odò di ti omi mímu nìkan. Rírẹ pákí nínú ìkòkò, níbi tó jìnnà sí odò, kò lẹ́ṣẹ̀ mọ́. Ìlú jó. Gbogbo ẹni tó jó ló ní ẹni tó ń yìn. Àwọn kan ní ìwé aláró ni. Àwọn kan ní ọ̀gá tuntun kàn kórìíra ohunkóhun tí Fátókun ṣe ni. Àwọn mìíràn ní ó ti rẹ wolé-wolé láti máa fọ́ ìkòkò. Fátókun àti Bùsàrí, níbi tí wọ́n wà nínú ilé wọn, ń sọ fún àlejò pé àwọn ni. Ìyá Àgbà kò jó. Wọ́n lọ da omi sí aró ìtẹ̀ka tó kù nínú ìkòkò kó má baà gbẹ. Wọ́n ní, "Ẹni tó fún ọ láìbi ọ́ léèrè, ó lè gbà á láìbi ọ́ léèrè."

Ní ọdún tí mo di tíṣà ní Tápà, èmi náà wọ ẹgbẹ́ àwọn tíṣà. A fẹ́ kí ìjọba yí òfin kan tó kan iṣẹ́ wa, mo sì ń yangàn bí mo ṣe ń ròyìn rẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Wọ́n ní, "Ta ló ń kọ ìwé yín?" Mo ní akọ̀wé wa ni, ọlọ́gbọ́n ènìyàn. "Ta ló ń bá jẹun?" Mo bínú. Mo ní kì í ṣe gbogbo ayé ni Bùsàrí. Kò pé ọdún kan tí akọ̀wé wa fi gba ipò ńlá n'Íbàdàn, tí ọ̀rọ̀ wa sì wọlẹ̀ ṣin. N kò lọ ilé fún oṣù mélòó kan nítorí ìtìjú. Mo padà dé lọ́jọ́ kan. Wọ́n gba ọwọ́ mi, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Jẹun."

Inú ọyẹ́ ni wọ́n kú. Àwọn tó wẹ̀ wọ́n ní àwọn rí aró lábẹ́ èékánná wọn. Èmi kò gbà á gbọ́. Ó ti pẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wàyí, sọ́dọ̀ Màmá Jọláadé. Lẹ́yìn tí wọ́n sọ gbogbo èyí tán, wọ́n sún mọ́ mi.

"Àkànní, ṣé o mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé yín la gbé ìkòkò sí?"

"Ó jìnnà sí odò."

"Ilẹ̀ mẹ́ta mìíràn wà tó jìnnà sí odò. Ọ̀kan súnmọ́ mọ́ṣáláṣí, ó tẹ́jú ju tiyín lọ. Ìyá rẹ àgbà rí àlèébù sí gbogbo wọn." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Gbogbo obìnrin ìlú, Òkè àti Ìsàlẹ̀, níbẹ̀ la ti ń bó pákí. Ta ni èèpo rẹ̀ ń kù sílẹ̀ fún?"

Mo gbọ́ igbe ewúrẹ́ lẹ́yìn ilé. Ó ṣe mí bí ẹni pé n kò gbọ́ ọ rí.

Mo ní, "Ẹ sì dákẹ́?"

"Ta ló dákẹ́? Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi rí i. Mo lọ bá wọn láàárọ̀, mo ní, 'Ìyá Ràfíù, nítorí ewúrẹ́ ni gbogbo èyí?' Wọn ò sẹ́ o. Wọ́n ní, 'Ìyá Jọláadé, odò yín mọ́ àbí kò mọ́?' Mo ní ó mọ́. Wọ́n ní, 'Ẹni tí kò bá ní ohun tó ń wá níbẹ̀, òun gan-an ni kí o sá fún.'"

Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ìró wọn, wọ́n bá ọ̀nà Ìsàlẹ̀ lọ. N kò mọ̀ títí dòní bóyá yíyìn ni wọ́n ń yin Ìyá Àgbà, tàbí pé gbèsè ọkàn kan ni wọ́n wá sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Màmá Jọláadé kò sọ, tí èmi mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ìwé kọ̀ọ̀kan, láti kíláàsì àkọ́kọ́ títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, ewúrẹ́ kan máa ń fi agbo sílẹ̀ lọ sí ọjà Tápà, tí kì í padà wá. Mo máa ń sunkún fún ewúrẹ́ náà. N kò béèrè rí pé kí ló ń jẹ tó fi sanra tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi dé ibí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Ọwọ́ ọ̀tún mi nìyí. Ẹ yí àtàǹpàkò rẹ̀ sójú oòrùn: ṣé aró lẹ rí níbẹ̀ ni, àbí àlùkò?